Okùn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Já: Ìtàn Tẹlifóònù àti Bí A Ṣe Ń Wá Àbùkù Rẹ̀ Nínú Ilé



Kí òyìnbó tó mú wáyà dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan ní Ẹ̀sà-Òkè bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà, ọ̀rẹ́ náà yóò kà á, yóò rí i pé ẹẹ́fà ni, yóò sì mọ̀ pé ohun tí ó ń wí ni pé, ‘Ọkàn mi fà mọ́ ọ.’ Ṣùgbọ́n bí okùn bá já lọ́nà, tí ẹyọ kan bọ́ sínú igbó, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ẹni tí ó rán an kò mọ̀, ẹni tí ó gbà á kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tẹlifóònù rí.

Ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Ní 1886, wáyà tẹligíráàmù abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù, nígbà tí ó sì yá, wọ́n nà án dé Ìlọrin àti Jẹ́bà. Rélùwéè wọ Òṣogbo ní 1907. Láàárín 1946 sí 1952, wọ́n ṣe ọ̀nà tẹlifóònù kan láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án dé Òṣogbo, Kàdúná, Kánò, Benin àti Enugu.

Síbẹ̀, nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ẹ̀ka tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju 18,724 lọ. Bí a bá pín in, ó ju 2,000 ènìyàn lọ sí ẹyọ kan. Nítorí náà, ilé tí ó bá ní tẹlifóònù, ti gbogbo àdúgbò ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe dókítà, níbẹ̀ ni ọmọ tí ó wà lókè òkun ti ń kí ìyá rẹ̀. Bí ó bá kú, kì í ṣe onílé nìkan ni ó yá létí.

Kí ni ó ń pa á? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáyà bàbà méjì ni ó ń ti ibùdó tẹlifóònù wá sílé. Ibùdó náà ni ó ń fi iná tí ó tó fólítì 48 ránṣẹ́ sínú wọn. Bí a bá gbé tẹlifóònù, iná yóò gba wáyà kan wọlé, yóò gba èkejì padà. Láyé àtijọ́, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà àbọ̀. Ariwo a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1881, Bell gba ìwé àṣẹ fún wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn. Nítorí pé wọ́n lọ́ mọ́ra, ariwo tí ó bá kọlu ọ̀kan ni ó ń kọlu èkejì, èyí sì ń pa èyí.

Àbùkù mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní, kí wáyà já: tẹlifóònù yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó ń pè wá yóò máa gbọ́ pé ó ń dún, ṣùgbọ́n aago kò dún nílé wa. Èkejì, kí eku jẹ rọ́bà ara wáyà, kí wáyà méjèèjì fi ara kan ara: yóò dákẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pè yóò máa gbọ́ ohùn pé a ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kí omi wọ ibi tí a ti so wáyà pọ̀, kí ó dípẹtà: yóò máa han gooro bí òjò bá rọ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ara rẹ̀ lè yá fúnra rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan gbé tẹlifóònù kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tí kò fi í sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ gbogbo tẹlifóònù ilé kúrò lára wáyà. Mú ọ̀kan tí ó dára lọ sí ibi tí wáyà ìta ti wọlé, kí o so ó mọ́ ọn níbẹ̀. Bí o bá gbọ́ ohùn tí ń dún gbọọrọ, ìta dára, inú ilé ni àbùkù wà. Máa dá wáyà yàrá padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; èyí tí o dá padà tí ohùn sì dákẹ́ ni ọ̀daràn. Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà, ìta ni àbùkù wà. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù nìyẹn, má ṣe gun òpó.

Má fọwọ́ kan wáyà nígbà tí àrá bá ń sán. Iná tí ń mú aago dún pẹ̀lú lè tó fólítì 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń ta ènìyàn.

Ní 1985, ìjọba dá NITEL sílẹ̀. Ní 2001, fóònù alágbèéká dé, ọ̀pọ̀ wáyà ilé sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kú. Ẹ̀rọ yòówù tí ó bá bàjẹ́, ẹ pín ọ̀nà rẹ̀ sí méjì, kí ẹ bi ara yín pé apá wo ni ó yè. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí okùn ti já, ìdajì àtúnṣe ti bọ́ sí i lọ́wọ́.