AGBÁRA TÓ WÀ NÍNÚ IGI Ẹ̀GẸ́: ÌTÀN ÀRÙN MÒSÁÍKÌ

 

Àrùn kan wà tó jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ rí tí kò mọ̀ ọ́n. Ewé ẹ̀gẹ́ á ní àbàwọ́n: ibì kan á tutù yọ̀yọ̀, ibì kan á pọ́n rúsúrúsú. Ewé á ká kò, á kéré, igi kò ní ga tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí ẹ bá sì hú u, iṣu ìdí rẹ̀ á tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Àrùn mòsáíkì ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ohun tó máa ń ya àgbẹ̀ lẹ́nu ni pé nínú oko kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà, ebè kan á ṣàìsàn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa gbèrú. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ló fà á, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Inú igi ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó gba àwọn onímọ̀ ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó rí i, oko àwọn baba wa sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ìtàn náà la fẹ́ sọ fún yín lónìí.

ÀLEJÒ LÁTI ÒKÈ ÒKUN

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀gbìn ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etí òkun Áfíríkà láàrin ọdún 1500 sí 1600. Ní ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn ọdún 1800 ló tó gbilẹ̀ dáadáa. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó, wà lára àwọn tó jẹ́ kí iṣẹ́ gaàrí tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí àrùn mòsáíkì yìí ní ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Áfíríkà ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á ti jẹ́ onílé. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ dé, ó bá ọ̀tá tí ìran rẹ̀ kò pàdé rí. Ní ọdún 1894, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Otto Warburg, kọ̀wé nípa àrùn náà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, ó ti wà nínú oko ẹ̀gẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà tàn. Èkíní ni eṣinṣin funfun, kòkòrò kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ewé, tó máa ń fò dìde nígbà tí ẹ bá gbọn igi. Ìkejì ni ọwọ́ àwa fúnra wa: bí a bá gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn tí a sì gbìn ín, àrùn la gbìn. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

LÁTI AMANI DÉ ÌBÀDÀN

Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba àmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ní ibùdó ìwádìí kan ní Amani, ní ilẹ̀ Tanganyika. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì níbẹ̀, Storey àti Nichols, wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò ní lè borí. Wọn kò rí èyí tó lágbára tó láàrin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó jọ. Ni wọ́n bá lọ bá mọ̀lẹ́bí ẹ̀gẹ́ kan, igi rọ́bà tó ti ilẹ̀ Brazil wá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Manihot glaziovii, wọ́n mú un gun ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lágbára, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n jọ ju ẹ̀gẹ́ lọ. Wọ́n tún ń dá wọn padà gun ẹ̀gẹ́ ní ìran dé ìran, títí ọmọ fi ní iṣu gidi ní ìdí.

Ní àwọn ọdún 1950, irúgbìn láti Amani dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Lára wọn ni wọ́n ti ṣa èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 58308. Wọ́n dá ibùdó ìwádìí IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Ní ọdún 1971, ọ̀mọ̀wé ará Korea kan, Sang Ki Hahn, dé ibẹ̀, ó sì fi 58308 ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Inú iṣẹ́ yẹn ni TMS 30572 ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti gbìn rí. Àwọn ará Ìkirè mọ rírì iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jẹ Hahn ní oyè Séríkí Àgbẹ̀.

Ibi tí a ti wá mọ iyì iṣẹ́ yìí ni Uganda. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àrùn mòsáíkì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń tàn láti àgbègbè kan dé òmíràn. Àwọn àgbẹ̀ pa oko ẹ̀gẹ́ tì, ebi wọ̀lú. Ẹ̀gẹ́ láti Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi gba ara wọn. TMS 30572 tiyín yìí ni wọ́n gbìn níbẹ̀, tí wọ́n sọ ní Nase 3.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ EWÉ

Kí ló wá dé tí àrùn Uganda fi le tó bẹ́ẹ̀? Kí ni ẹ̀gẹ́ tó lágbára ní tí èyí tó kù kò ní? Ẹ jẹ́ ká fi àrokò ṣàlàyé rẹ̀.

Ara ewé kún fún sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ìwé ìdílé ẹ̀gẹ́ wà, èyí tí à ń pè ní DNA. Ìwé yìí ló sọ bí ewé yóò ṣe rí àti bí iṣu yóò ṣe ta. Nígbà tí iṣẹ́ bá yá, sẹ́ẹ̀lì á da apá kan ìwé náà kọ, á fi ránṣẹ́ bí àrokò sí ibi tí iṣẹ́ wà. Àrokò yẹn ni wọ́n ń pè ní RNA.

Fáírọ́ọ̀sì mòsáíkì kò ju ìwé kékeré lọ: abala DNA méjì tó rí roboto bí òrùka. Kò ní akọ̀wé tirẹ̀. Nígbà tí eṣinṣin funfun bá gún ewé, ìwé àjèjì yìí á bá itọ́ rẹ̀ wọlé, akọ̀wé ẹ̀gẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ bí ẹni pé ìwé baba rẹ̀ ni. Láìpẹ́, àrokò ọ̀tá á kún inú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í káwọ́ gbera. Bó bá kẹ́fín àrokò tó so pọ̀ ní méjì-méjì, tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ilé, ó ní ọ̀bẹ tó fi ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kò ní da àwọn èérún náà nù. Á kó wọn fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n á máa fi wọ́n wo ojú gbogbo àrokò tó bá ń kọjá. Èyí tó bá bá èérún ọwọ́ wọn mu, wọ́n á gé e. Ní ọdún 1999 ni Andrew Hamilton àti David Baulcombe, ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi àwọn èérún yìí hàn nínú ohun ọ̀gbìn. Ìkìlọ̀ náà tún máa ń rìn nínú igi lọ bá àwọn ewé tuntun. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ kan fi lè ṣàìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ewé òkè rẹ̀ á sì padà mọ́.

Ọ̀tá náà kò gọ̀. Fáírọ́ọ̀sì máa ń pèsè ohun tí yóò fi di ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé irú fáírọ́ọ̀sì kan ń lo ọgbọ́n kan, irú kejì ń lo òmíràn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú igi kan, ìkan á ti ilẹ̀kùn iwájú, èkejì á ti ti ẹ̀yìn, ẹ̀gẹ́ kò ní rọ́nà gbà. Ní Uganda, irú méjì ló ń wọ igi kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti já apá kan gbà lára èkejì mọ́ tirẹ̀.

Ojú ọjọ́ náà ń dá sí ìjà yìí. Ìwádìí ọdún 2005 fi hàn pé bí ooru bá pọ̀ sí i díẹ̀, àwọn èérún náà máa ń pọ̀ sí i, àmì àrùn á sì dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gẹ́ á tún pa ihò kéékèèké ara ewé rẹ̀ dé kí omi má bàa tán lára rẹ̀, á sì wọ́ púpọ̀ nínú ewé rẹ̀ dànù. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ṣì wà nínú igi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍNÚ OKO BABA WA

Agbára tó ti Amani wá jẹ́ àpapọ̀ ohun kéékèèké púpọ̀, ó sì ṣòro láti kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ IITA wá kó ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ jọ láti oko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Wọ́n rí àwọn kan tí àrùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn. Lára wọn ni TME 3 àti TME 7, èyí tí àgbẹ̀ ń pè ní Ọkọ-Ìyàwó. TME 419 tó gbajúmọ̀ lọ́wọ́ yín lónìí náà, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Togo ni. Gbazékouté ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ní ọdún 2002, Akano, Alfred Dixon, Martin Fregene àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ojú kan ṣoṣo nínú ìwé ìdílé ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ wa ni agbára yìí wà. Wọ́n sọ ọ́ ní CMD2. Bí òbí kan ṣoṣo bá fún ọmọ, ó tó. Láti ìgbà náà, òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun gbára lé.

Ogún ọdún kọjá kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lójú ibẹ̀ gan-an. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ láti Switzerland, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn kéde pé àyípadà kékeré ni, lára ọ̀kan nínú àwọn tó ń da DNA kọ. Ẹ rántí pé fáírọ́ọ̀sì kò ní akọ̀wé tirẹ̀, akọ̀wé ẹ̀gẹ́ ló ń yá lò. Ara akọ̀wé yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ wà.

Ta ló ṣa ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí? Àwọn bàbá àti ìyá wa ni. Ní ọdọọdún, wọ́n wo èyí tó ṣe dáadáa, wọ́n gé igi rẹ̀ pamọ́, wọ́n fún aládùúgbò, ìyàwó tuntun gbé e lọ sí oko ọkọ rẹ̀. Wọn kò ní dípúlómà, wọn kò gbọ́ orúkọ DNA rí, ṣùgbọ́n wọ́n pa ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ń jẹ lónìí mọ́.

KÍ LÓ KAN ÌGÀNDÓ?

Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni Ìgàndó tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé ló gba ibẹ̀. Oko tó kù kò ju ẹ̀yìn ilé, etí odò àti ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí katakata bá wọlé, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tí ìdílé kan ti ń gbìn fún ọgọ́ta ọdún lè pa rẹ́ ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìwé ìdílé rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun bá gbára lé ojú kan ṣoṣo, tí fáírọ́ọ̀sì sì wá rọ́gbọ́n dá sí i lọ́jọ́ kan, inú irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ la ó padà lọ wá agbára mìíràn. Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

1. Ẹ yan igi tí ẹ ó gbìn nígbà òjò, nígbà tí ewé ṣì kún. Ẹ so àkísà tàbí màrìwò mọ́ èyí tí kò ní àmì kankan. Ẹ má dúró di ẹ̀ẹ̀rùn.

2. Láàrin oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ oko wò. Èyí tó bá ní àmì, ẹ fà á tu, kí ẹ gbé e jìnnà sí oko.

3. Bí ewé òkè bá tilẹ̀ padà mọ́ lára ẹ̀gẹ́ tó ti ṣàìsàn, ẹ jẹ iṣu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé igi rẹ̀ gbìn.

4. Ẹ má gbin irú kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn àgbà sí ebè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun.

5. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ oko yín, ẹ tètè gé igi ẹ̀gẹ́ àtijọ́ fún ẹlòmíràn tó ní ilẹ̀, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní àdúgbò yín.

6. Ẹ má gba igi ẹ̀gẹ́ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àrùn mìíràn tó ń ba iṣu jẹ́ nínú ilẹ̀ wà níbẹ̀, a kò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Igi ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín, ogún ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ogún.