Ìwé Tí Ó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì àti Àkọsílẹ̀ Tí Ó Gbà Á Là

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní gbóná janjan, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Appam ń ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gómìnà ilẹ̀ Sàró wà nínú rẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ ńlá kan náà wà níbẹ̀, tí Dókítà Obadiah Johnson fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Nítòsí erékùṣù Madeira ni ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe ti ká a mọ́. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀, wọ́n wà á la òkun Àtìláńtíìkì já, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dájọ́ ní 1917 pé kí wọ́n dá a padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín.

Ìgbà kejì nìyẹn tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ yóò bọ́ sọ́nù. Ní 1897 ni ó parí rẹ̀. Ní 1899 wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wétà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀. Nígbà tí Obadiah, àbúrò rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wétà náà ní 1900, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé a kò rí ìwé náà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ṣetán láti san owó rẹ̀. Owó wo ni wọn ì bá san fún ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti lẹ́nu Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Samuel Johnson kú.

Ohun tí ó kù sílé ni àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún un kọ. Inú àwọn ìwé wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín iṣẹ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n rí èyí tí Appam gbé lọ ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà jáde ní 1921, Obadiah sì ti kú ní 1920. Ọdún 1921 yìí kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté ọkọ̀ ńlá ní Àpápá.

Ìyà irú èyí ti jẹ ẹlòmíràn ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ní 1852, ó fi ọdún mọ́kànlá kó ọ̀rọ̀ àti òwe jọ. Iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó, gbogbo rẹ̀ sì bá iná lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Johnson kò ju èyí lọ.

Lónìí, ẹni tó bá dúró ní Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti pàdé Àpápá, lè ka ìwé Johnson láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí fóònù nínú ọkọ̀ tí àwọn tírélà èbúté dá dúró. Kò sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kọ́ ni ìwé wà fún. Òǹkàwé máa ń fàlà sí ibi tó wù ú, ó sì ń fẹ́ kó o lọ síbi tí yóò ti bá ohun mìíràn tó mọ̀ pàdé. Ní Jámánì, onímọ̀ àwùjọ Niklas Luhmann fi káàdì ṣe èyí. Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí nǹkan bíi 90,000 káàdì, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì ń kọ nọ́ńbà ọ̀kan sára èkejì kí wọ́n lè máa pe ara wọn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Obsidian, tó jáde ní 2020, sọ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní. Orúkọ ni wọ́n fi ń so àkọsílẹ̀ pọ̀.

Ewu kò tán. Ní 2009 ni Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ Kindle àwọn tó ti sanwó rẹ̀. Àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé tí ó ń tọ́ka sí kò sí mọ́, kò sì wúlò fún un mọ́. Nígbà tó ṣe, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn yóò dá ìwé padà tàbí kí àwọn san 30 dọ́là. Bí atẹ̀wétà ọdún 1900 bá gbọ́, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ Kindle ń kó ohun tí a fàlà sí jọ sínú fáìlì kan tí a lè gbé kúrò. Ẹni tó bá gbọ́n yóò gbé e kúrò ní kíá.

Ti Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà sábà máa ń já sílẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ogun yóò wá jókòó sórí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdàkejì rẹ̀ burú jù. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ kò ní. Ṣe ni ohùn ń dúró lọ́tọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀nà tí a sì fi lè kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, Ọ̀yọ́ méjì lè jọra lójú, kí ètò tí kò bá tún wọn ṣe sì kà wọ́n sí ìlú méjì. Àkọsílẹ̀ nípa Aláàfin yóò wà níhìn-ín, ti ogun Kírìjì, tí Johnson fúnra rẹ̀ jíṣẹ́ àlàáfíà nínú rẹ̀, yóò wà lọ́hùn-ún, wọn kò sì ní pàdé.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ìtàn Johnson sínú àpótí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn orúkọ náà: kí ó yan ọ̀nà kan láti kọ Ọ̀yọ́, Ìjàyè, Ìbàdàn, kí ó fi ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí wọn, kí ó kọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ ti wá sí ìdí rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ síbòmíràn, kì í ṣe sórí fóònù kan náà.