Ìbọn ní Apátí, Kò ní Apátí

“Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ìbọn kọ òun?” Apátí ni irin kékeré tó ń di òkúta iná mú lára ṣakabùlà. Bí a bá fà á sẹ́yìn tó sì já padà, òkúta yóò ha irin, iná yóò ṣẹ́, ẹtù yóò gbiná. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè ró. Síbẹ̀ iwájú ìbọn ni àwọn àgbà dúró sí kí wọ́n tó pa òwe yìí, níbi tí àyè kò ti sí fún ẹnikẹ́ni láti yẹ apátí wò.

Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ ká dúró sí wo òfin ìbọn ní Múṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè ṣe òfin yìí, Ilé Aṣòfin Èkó náà kò lè ṣe é. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti kó ọ̀rọ̀ ohun ìjà lé ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́.

Àti 1959, kí òyìnbó tó gbéjọba sílẹ̀, ni òfin ìbọn tí à ń lò ti wà. Ìbọn ológun àti ìbọn ìlèwọ́ jẹ́ èèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìbọn ìṣọdẹ ìgbàlódé. Ṣakabùlà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ rí ìwé àṣẹ gbà. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an, torí pé ọwọ́ tó di irin mú ló ń yẹ̀ wò.

Òfin náà tún sọ ohun kan tí ì bá ya àwọn tó pa òwe yìí lẹ́nu: ẹ̀yà ara ìbọn, ìbọn ni. Bí wọ́n bá ká apátí nìkan mọ́ ènìyàn lápò, ìbọn ni wọ́n ká mọ́ ọn lápò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé “ìbọn àgbélẹ̀rọ lásán ni”. Bí àwọn ọmọ ìta bá kọlu ara wọn ní Ìdí-Òro ní Múṣin, oníṣọ̀ọ̀bù kì í bèèrè ibi tí wọ́n ti rọ ìbọn kó tó ti ilẹ̀kùn.

Òfin ìdigunjalè ti 1984 tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ka àdá, ọ̀kọ̀, ọrun àti ọfà, kùmọ̀, títí dórí igi, irin, ìgò àti òkúta tó lè ṣeni léṣe, mọ́ ohun ìjà. Ẹni tó bá fi ìgò fífọ́ jalè, ikú ni òfin náà kọ fún un, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tó gbé ìbọn.

Ẹ wá wo ibi tó ń dùn mí. Nínú òfin 1984 yìí kan náà, ẹni tó ní ìbọn láìní àṣẹ lè san N20,000, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó jẹ méjèèjì. Owó ńlá ni N20,000 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Lónìí kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Ọlọ́pàá lè ṣe ìwádìí ní àgọ́ wọn ní Pàǹtí, Yábàá, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, adájọ́ tó bá mú ìtanràn ti dá ìbẹ̀rù gbogbo àdúgbò lówó kékeré.

Èkó ti ṣe èyí tágbára rẹ̀ ká. Ó dá ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí kì í gbébọn sílẹ̀ ní 2016; ní 2021 ó sọ ẹ̀wọ̀n ẹgbẹ́ òkùnkùn di ọdún 21. Ábújá ni wọ́n ti lè fọwọ́ kan N20,000 yẹn. Nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin níbẹ̀, aṣojú méjì ni Múṣin ní, méjì ni Sùúrùlérè ní, Yábàá àti agbègbè rẹ̀ ní ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ ká máa bi wọ́n bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò.