Láti Eyín Aago dé Ojú Sílíkọ́nì: Iṣẹ́ Tín-tìn-tín ní Ìpínlẹ̀ Illinois

Ọdún 1851 ni ilé-iṣẹ́ rélùwéè Illinois Central gba ìwé àṣẹ. Nígbà tó fi di 1856, ojú irin rẹ̀ ti jáde ní Chicago, ó ti dé ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois. Bí ojú irin ti ń lọ ni ìlú ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Matteson, tí àwọn ará Jámánì tẹ̀dó, tí wọ́n sì sọ ní orúkọ Joel Matteson, gómìnà láti 1853 sí 1857. Òmíràn, tó jìnnà sí i lọ́nà gúúsù, ni West Urbana, tó di Champaign. Irin ńlá àti ẹ̀rọ tó wúwo ni iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ ìpínlẹ̀ náà di ibi tí a ti ń wá ohun kékeré tí kì í tàsé.

Ohun náà ni aago. Ní 1864, àwọn oníṣòwò Chicago, tí Benjamin Raymond tó ti jẹ olórí ìlú náà rí ṣáájú wọn, dá ilé-iṣẹ́ aago sílẹ̀ ní Elgin, wọ́n sì fa oníṣẹ́ aago méje wá láti Waltham ní Massachusetts. Aago àpò àkọ́kọ́ jáde ní 1867. Kì í ṣe pé wọ́n mọ aago ṣe nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé eyín, ọ̀pá àti síkúùrù, tó fi jẹ́ pé eyín aago kan lè wọ inú òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ayùn rẹ́ ẹ. Ní 1883, oṣù kẹwàá, àwọn aṣojú rélùwéè pàdé ní Chicago, wọ́n fẹnu kò lórí àkókò kan náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan; ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ni ó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, oríṣi àkókò tó lé ní 50 ni rélùwéè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò. Nígbà tí ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn ní Kipton, ní Ohio, ní 1891, tí wọ́n ní aago awakọ̀ kan ló dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé aago òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ ṣìnà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Elgin ṣe aago tó tó mílíọ̀nù 60 kó tó dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn aago, ohùn ló kàn. Ní 1946, Hugh Knowles dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè Chicago láti máa ṣe maikirofóònù àti ẹ̀rọ ohùn kéékèèké fún àwọn tí etí wọn wúwo. Ọwọ́ ènìyàn àti irin ṣì ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìyípadà ńlá dé. Ní oṣù kejìlá 1947, John Bardeen àti Walter Brattain fi tíránsísítọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná mànàmáná, hàn ní ilé ìwádìí Bell Labs. Ní 1951 Bardeen kó wá sí Yunifásítì Illinois, ní Urbana-Champaign. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ní 1954, ni Nick Holonyak, ọmọ awakùsà láti ìlú Zeigler. Nígbà èwe rẹ̀, Holonyak ti ṣiṣẹ́ fún rélùwéè Illinois Central kan náà, ó ṣe é fún wákàtí 30 láìsinmi, ó sì pinnu pé ilé ìwé sàn jù. Bell Labs náà ni ìmọ́lẹ̀ ti di ọ̀bẹ: ní 1955, Jules Andrus àti Walter Bond fi í ya àwòrán sí ojú ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Wọn a fi oògùn kan tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà pa ojú sílíkọ́nì, ohun tí a fi ń ṣe tíránsísítọ̀, wọn a gbé gíláàsì tí a ti ya àwòrán sí síwájú rẹ̀, wọn a tan iná sí i, wọn a sì fọ̀ ọ́. Ásíìdì yóò jẹ ibi tó ṣí sílẹ̀, ibi tí oògùn bò yóò sì wà bẹ́ẹ̀. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ yóò dá ọgbọ́n náà mọ̀.

Ní oṣù kejìlá 1959, Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì, ṣèlérí 1,000 dọ́là fún ẹni tó bá ṣe mọ́tò tí ìhà rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 64 íǹṣì lọ. William McLellan gbà á ní 1960, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kéékèèké àti awò amóhuntóbi ló fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ aago ti ń ṣe. Feynman san owó náà. Ọgbọ́n tuntun tó ń retí kò sí níbẹ̀. Ní 1966 ni wọ́n wó ilé-iṣẹ́ aago Elgin. Ní 1967, Harvey Nathanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Westinghouse tẹ ìròyìn jáde nípa ọ̀pá wúrà tín-ínrín kan tó ń gbọ̀n lórí tíránsísítọ̀, èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àti ásíìdì gé. Láti ìgbà náà ni ohun tó ń mira ti lè jáde láti ibi kan náà tí ṣíípù ti ń jáde. Kurt Petersen kó ẹ̀rí jọ ní 1982 pé sílíkọ́nì fúnra rẹ̀ lágbára tó láti fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ní ààlà, nítorí ìgbì rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ya ìlà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ wá fi ń kọ̀wé, gáàsì tí iná mànàmáná ru sókè ni wọ́n sì fi ń gé. Iṣẹ́ yìí ni Ilesanmi Adesida, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó gba oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ ní Berkeley, ó parí ìkẹta ní 1979, ó ṣiṣẹ́ ní Cornell, ó padà wá darí ẹ̀ka ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Yunifásítì Tafawa Balewa ní Bauchi láti 1985 sí 1987, ó sì kọjá sí Yunifásítì Illinois ní 1987 náà. Ní 1989, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ kéékèèké ní ọgbà náà. Àwọn tíránsísítọ̀ tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gé níbẹ̀ ní ìlà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó máíkírómítà kan, bẹ́ẹ̀ máíkírómítà sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ní 2006, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà á wọlé nítorí iṣẹ́ yìí. Ọdún kan náà ló di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Illinois, ó sì jẹ́ olùdarí ètò ẹ̀kọ́ gbogbo yunifásítì náà láti 2012 sí 2015.

Ilé-iṣẹ́ Knowles, tó ti wà ní Itasca, náà kọ irin sílẹ̀. Ní 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta maikirofóònù tí awọ sílíkọ́nì ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ooru tí a fi ń jó ẹ̀yà mọ́ pátákó kì í ba irú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó fóònù láìsí ọwọ́ ènìyàn, nǹkan tí maikirofóònù àtijọ́ kò lè fara dà.

Ní 2019, Yunifásítì Illinois fi orúkọ Nick Holonyak sọ ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n ṣí ní 1989. Holonyak kú ní oṣù kẹsàn-án 2022, ẹni ọdún 93.