Ìdáríjì Kì Í Ṣe Ìdáláre: Ìjà Ọdún Méjìlá Nítorí Kápútéènì Dreyfus

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa ẹni tí yóò gbé òtítọ́ dìde nílẹ̀ kí ó tó lè máa lé irọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn sójà kan wò ní orílẹ̀-èdè Faransé, ẹni tí wọ́n sọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Nǹkan bí ọdún méjìlá ni òtítọ́ fi lé irọ́ kí ó tó bá a, ènìyàn ni ó sì gbé e rìn.

Alfred Dreyfus ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní ìlú Mulhouse, ní agbègbè Alsace, sínú ìdílé Júù tí ó là nídìí iṣẹ́ aṣọ híhun. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé tí ó sì gba Alsace ní ọdún 1871, ti Faransé ni Dreyfus ṣe. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó di kápútéènì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ ológun ní Paris. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, ìwé kan tí wọ́n ti ya tẹ àwọn ológun Faransé lọ́wọ́ láti ilé aṣojú Jámánì. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, ṣùgbọ́n ó to àwọn àṣírí ológun tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Jámánì lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀dàlẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n ní ìkọ̀wé náà jọ ti Dreyfus. Ìkórìíra àwọn Júù sì gbilẹ̀ ní Faransé lákòókò náà, nítorí náà kò ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà pé òun ni.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni wọ́n mú un. Ní oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ ológun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nígbà tí àwọn adájọ́ jókòó láti ro ìdájọ́, àwọn ọ̀gá ológun fi ìdì ìwé kan ránṣẹ́ sí wọn ní bòókẹ́lẹ́, èyí tí Dreyfus kò rí, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ náà kò sì rí. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo àwọn adájọ́ náà fi ẹnu kò láti dá a lẹ́bi. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1895, wọ́n já àmì oyè kúrò lára aṣọ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n ṣẹ́ idà rẹ̀ sí méjì, àwọn èrò sì ń bú u bí ó ti ń ké pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e la òkun kọjá lọ sí Erékùṣù Sàtánì ní etí òkun Guyana ti Faransé. Òun nìkan ni ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1896, fún bí oṣù méjì, wọ́n máa ń fi irin de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibùsùn lálaalẹ́.

Lákòókò yìí, àwọn tí ó gbà pé kò jẹ̀bi kò ju ìwọ̀nba lọ. Lucie ìyàwó rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Mathieu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn olóṣèlú àti oníròyìn. Òǹkọ̀wé kan, Bernard Lazare, tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde ní ọdún 1896 láti fi hàn pé ìdájọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Láàárín àwọn ológun fúnra wọn ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù ti wá. Georges Picquart di olórí ẹ̀ka amí wọn ní ọdún 1895. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ Dreyfus, kò sì fẹ́ràn àwọn Júù. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí ìkọ̀wé ọ̀gá ológun mìíràn tí ń jẹ́ Esterhazy, ó mọ̀ pé ọwọ́ tí ó kọ ìwé tí wọ́n fi dá Dreyfus lẹ́bi nìyẹn. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kàkà kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀wò, wọ́n lé e jìnnà lọ sí Tùnísíà. Igbákejì rẹ̀, Henry, sì ṣe ayédèrú ìwé láti fi kún ẹ̀rí lòdì sí Dreyfus.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1898, ilé ẹjọ́ ológun dá Esterhazy láre lẹ́yìn ìjíròrò ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13, gbajúgbajà òǹkọ̀wé Émile Zola kọ lẹ́tà gbangba sí Ààrẹ nínú ìwé ìròyìn L'Aurore. Ó dárúkọ àwọn ọ̀gá ológun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí wọn lọ́rùn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè jáde síta. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ìtanràn fránkì 3,000 fún un, ó sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn èrò kọlu àwọn Júù ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àṣírí ayédèrú ìwé tú. Henry jẹ́wọ́, ó sì pa ara rẹ̀ ní àtìmọ́lé.

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1899, wọ́n sì mú Dreyfus padà wálé fún ẹjọ́ tuntun ní ìlú Rennes. Níbẹ̀, adájọ́ ológun márùn-ún nínú méje tún dá a lẹ́bi, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni kí ó ṣe. Ojú ti ìjọba. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, Ààrẹ Loubet fún un ní ìdáríjì.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà. Àwọn kan lára àwọn tí ń jà fún un, bí Clemenceau, ní kí ó má gbà á, nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni a ń dárí jì. Ṣùgbọ́n Mathieu rí bí ara àbúrò rẹ̀ ti joro, ó sì bẹ̀rù pé ó lè kú sí ẹ̀wọ̀n. Dreyfus gba ìdáríjì náà, ó sì kéde pé òmìnira láìsí iyì kò jẹ́ nǹkan kan lójú òun, àti pé òun yóò máa jà títí orúkọ òun yóò fi mọ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ẹni tí kò sun inú irin rí kò lè pàṣẹ fún ẹni tí ó ti sùn ún. Ní ọdún 1900, ìjọba ṣe òfin tí ó bo gbogbo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀, tí ó sì gba àwọn ọ̀gá tí ó purọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1906 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó sọ pé kò sí ẹ̀sùn kankan tí ó kù lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ológun kan náà tí wọ́n ti ṣẹ́ idà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ka àwọn ọdún tí ó sọnù mọ́ ipò rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1935. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé dìbò pé kí wọ́n gbé e dé ipò ọ̀gágun.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìjọba ti dín ẹ̀wọ̀n ẹnìkan kù, tàbí pé ó ti dárí jì í, ẹ jẹ́ kí a bá ẹbí rẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ sùn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: ṣé ẹ̀bi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀? Bí ó bá ṣì wà, iṣẹ́ kò tíì parí.